Ìṣó Kan Lára Ògiri Ilé Onílé

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti gbé ilé kan ní Ìbà l'Ékòó tí n kò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ara ògiri rẹ̀. Mo sì ń fi í yangàn nígbà náà. Bí àlejò bá wọlé tó ní, "Ọ̀gá, ògiri yín mọ́ o, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀," màá ní ilé onílé ni. Kí ni mo fẹ́ máa fi owó mi ṣe ilé onílé lọ́ṣọ̀ọ́ fún? Ṣé orí mi dàrú ni?

Ará Èkìtì ni mí, akọ̀wé ni mo sì jẹ́ ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá mọ àwa ará òkè tí à ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó yóò mọ ohun tí mò ń wí. Iṣẹ́ la bá wá. Ilé wà lọ́hùn-ún. Kí ẹnìkan nínú wa tó ra àga gidi sí pálọ̀ tó háyà, á ti kọ́lé sílé, á ti kùn ún, á ti ta kọ́tìnnì sí i, á wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa títí di Kérésì. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń pa ìyàwó mi lẹ́nu mọ́ nígbàkígbà tó bá dá ọ̀rọ̀ pálọ̀ sílẹ̀.

Ó sì máa ń dá a sílẹ̀ o! Obìnrin náà fẹ́ràn ibi tó bá rẹwà. Tí a bá lọ kí èèyàn nílé, kó tó jókòó, á ti fojú yí yàrá ká, á ti fọwọ́ kan kọ́tìnnì, á ti bi onílé pé níbo ni wọ́n ti rà á. Nígbà kan ó ra àwòrán kan ní Igbó-Elérin, òkè àti odò tí oòrùn ń wọ̀ lórí rẹ̀, ó ní kí n bá òun kàn án mọ́ ògiri lókè àga. Àga wo? Àga oníke mẹ́rin la ní. Mo ní onílé kò ní gbà. Ó ní òun á lọ bẹ onílé. Mo ní kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nígbà tí Kérésì dé, a gbé àwòrán náà lọ sílé, a kàn án síbẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn àga tìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ ilé yẹn, Èkó níbí ni èmi àti òun ti jọ yàn wọ́n, a fi lọ́rì kó wọn lọ. Wọ́n tutù lójú bí ewé kókò. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn, kí eruku má baà bà wọ́n jẹ́. Mo ní tí a bá ti fẹ̀yìntì, a ó jókòó síbẹ̀ dáadáa. Tí ìyàwó mi bá jókòó lé e ní Kérésì, ọ̀rá náà á máa pariwo lábẹ́ rẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á dìde, á lọ bá àwọn ẹbí lẹ́yìnkùlé.

Ó kú nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìntì. Pálọ̀ yẹn la tẹ́ ẹ sí. Wọ́n sún àwọn àga mọ́ ògiri tọ̀rá-tọ̀rá kí àyè lè gba pósí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wá rí i pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó mi kọ́kọ́ pẹ́ nínú pálọ̀ tí a kọ́ fún un. Ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wá dúró tì mí. Kò pariwo. Ó ní, "Dádì, gbogbo ọjọ́ ayé Mọ́mì, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tó dáa. Ṣé inú yín ti wá dùn báyìí?" Ó padà sí Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, kò sì fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ mi mọ́ fún ọdún méjì. Tí mo bá pè é, á dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, á ní kí n máa tọ́jú ara mi.

Èmi náà kò lè gbé ilé tí mo kọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ ibi tí pósí dúró sí lojú mi ń lọ ṣáá. Mo padà sí Ìbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìdánìkanwà burú. Mò ń tan rédíò láàárọ̀ nítorí kí ẹnìkan lè kí mi ẹ káàárọ̀. Ìrẹsì ẹni méjì ni mo ṣì ń bù sí ìkòkò, n kò mọ bí wọ́n ti ń bu ti ẹnìkan.

Ní ọjọ́ òjò kan mò ń wá aṣọ ìbora nínú àpótí rẹ̀, ni mo bá rí ìwé kan nísàlẹ̀, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Àwòrán pálọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó ti gé wọn láti ara kàlẹ́ńdà àti ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, ó wá ń fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Kọ́tìnnì bí èyí." "Ọ̀dà yìí, kó má pọ́n jù." Mo ń ṣí i, mo ń mi orí, mo rò pé ti ilé Èkìtì ni, títí mo fi dé ibi tó kọ ọ́ sí pé, "Àga kan síbi fèrèsé tó kọjú sí irà." Irà kankan kò sí lẹ́yìn ilé wa l'Ékìtì. Òkè ló wà níbẹ̀. Ìbà ni obìnrin yìí ń wí! Yàrá tí mo jókòó sí yìí gan-an ló ń tún ṣe nínú ìwé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Mo sunkún, n kò ní purọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pinnu pé màá ṣe pálọ̀ náà bó ṣe wà nínú ìwé, màá sì ní kí ọmọ mi wá wò ó. Kó wá, kó tún wọ ilé mi. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́. Mo kun ògiri, mo rán kọ́tìnnì, mo ní kí wọ́n fi lọ́rì kó àwọn àga yẹn padà wá láti Èkìtì. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé wá sí ẹ̀yìn odi ni?" Mo ní kó gbájú mọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku àwòrán. Ikán ti jẹ ti àkọ́kọ́ lórí ògiri l'Ékìtì. Mo lọ bá obìnrin ayàwòrán kan ní Igbó-Elérin, mo ní kó ya òkè ìlú wa fún mi, kí n fi ṣèrántí ìyàwó mi. Ó bi mí bí òkè náà ṣe rí, ṣé igi pọ̀ lára rẹ̀, ṣé àpáta ló yọ lórí. N kò lè rántí ìkankan. Òkè tí wọ́n bí mi sí ìdí rẹ̀! Inú bí mi, mo ní ṣé ọlọ́pàá ni. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ fún, kí ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wò?"

Èyí ni mo mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga oníke síbi fèrèsé, á máa wo irà ẹ̀yìn ilé. Igi àgbọn mẹ́ta wà níbẹ̀, àwọn lékeléke á máa wọ́ bọ̀ wá sùn. Ọmọ wa ní kékeré á na èékánná sí wọn pé kí wọ́n fún òun ní funfun, àwọn méjèèjì á wá jọ kà wọ́n. Wọ́n ti da yanrìn sí irà yẹn báyìí, wọ́n ti kọ́ ilé alájà méjì lé e, fèrèsé ilé ìwẹ̀ ẹlòmíràn ni fèrèsé wa kọjú sí. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ìyẹn ni ká yà nígbà náà."

Nígbà tó yà á tán, mo lọ bá ìyá onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kí i, mo ní mo fẹ́ tọrọ àyè ìṣó kan. Ó wò mí lọ wò mí bọ̀. "Ìṣó? Bàbá Yunifásítì, ta ló ní kí ẹ má kan ìṣó láti ọjọ́ yìí?" Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mo kan ìṣó náà fúnra mi, mo gbé àwòrán kọ́, mo yà á pẹ̀lú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó rí i. Kò fèsì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bó ṣe máa rí títí màá fi kú nìyí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé: "Lékeléke mélòó ni?" Mo dìde, mo wọ awò ojú, mo kà wọ́n. Mo kọ ọ́ pé mọ́kànlá. Ó ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Ó dé ní ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọlé, ó dúró síwájú àwòrán náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi." Ó fẹ́ jókòó, ó wo àga, ó wá wò mí.

"Dádì, ọ̀rá wà lára wọn síbẹ̀."

"Kí eruku má baà bà wọ́n jẹ́ kí o tó dé ni," ni mo wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi, mo gbọ́ ọ.

Ó wọ kíṣìnì lọ mú ọ̀bẹ, ó fi la ọ̀rá náà, a jọ fà á ya, àwa méjèèjì, títí ọ̀rá fi kún ilẹ̀. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ jókòó. Mo jókòó, mo rì sínú rẹ̀ pátápátá, mo di apá àga náà mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Mo ní, "Ó rọ̀. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé ó rọ̀ tó báyìí."