Mo Sọ̀rọ̀ Níwájú Ẹni Tó Pè Mí Ní Pánla

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo kàwé. Mo kàwé dé yunifásítì! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Ní láíbìrì, kò sẹ́ni tó máa ní kí o dìde sọ̀rọ̀.

Fọlákẹ́ ló fà á. Nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣómólú, tíṣà ní kí n bọ́ síwájú kíláàsì kí n sọ ìtàn kan. Ará Ìlàjẹ ni ìyá mi. Ẹja ló ń yan, tó sì ń tà létí ọ̀sà ní Bàrígà, òórùn èéfín sì máa ń wà lára aṣọ wa. Mi ò tíì la ẹnu tí Fọlákẹ́ fi di imú, tó pariwo pé: "Ẹ ṣí fèrèsé o, Pánla ti dé!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín! Láti ọjọ́ náà, tí èèyàn bá ti ju mẹ́ta lọ, ohùn mi á wọlẹ̀.

Àfi bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe fún àwa àgbàlagbà ní Ladi-Lak. Ta ni mo bá lórí àga iwájú? Fọlákẹ́! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ̀, ẹnu ò yí padà. Ó ní, "Háà, Pánla! Ṣé o ṣì wà láyé?"

Olùkọ́ wa, tí mo lè bí, sọ pé kí olúkúlùkù wá síwájú, kó sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá mọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ń dùn mí o. Ṣé kí n kú láìtíì la ẹnu níṣojú obìnrin yìí?

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ mi: bí a ṣe ń yan ẹja.

Nígbà tó kàn mí, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo wo ojú wọn, ohùn mi tún wọlẹ̀. Fọlákẹ́ tún di imú! Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ! Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi. Ó máa ń sọ pé tí a bá ń ta ẹja, kí a má wo ojú oníbàárà, torí oníbàárà á máa yínmú kí ọjà lè dínwó. Ọwọ́ ni ká wò. Ọwọ́ tó bá ti yí ẹja wò lẹ́ẹ̀kejì, yóò rà á.

Mo bá gbé ojú kúrò lójú wọn, mo ń wo ọwọ́. Bàbá kan lẹ́yìn gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá kan fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́. Ohùn mi jáde! Mo ṣàlàyé irú igi tí a fi ń yan ẹja, bí a ṣe ń ká ìrù rẹ̀ sí ẹnu, àti ìdí tí iná kò fi gbọdọ̀ jó fòfò. Mo ní ẹja yẹn ló rán mi níléèwé. Ẹsẹ̀ mi ò yé gbọ̀n títí mo fi parí o.

Nígbà tí mo fi máa wo ọwọ́ Fọlákẹ́, ó ti kúrò nímú. Báírò ló mú dání, ó ń kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀!

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fọlákẹ́ wá dì mọ́ mi, ó ní eré ọmọdé ni gbogbo ẹ̀, kí n má fi sọ́kàn. Kó tó jáde, ó bi mí pé níbo lòun ti lè rí irú ẹja yẹn rà ní Bàrígà.

Mo ní, "Ṣí fèrèsé ilé ẹ. Òórùn ẹ̀ á mú ẹ débẹ̀."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́? Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀rù máa lọ. Tèmi ò lọ. Ẹ fi ojú tó ń yínmú sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá ọwọ́ tó ń gbọ́ yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n dárí jì í. Wọn ò sí ní kíláàsì yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló pa yín lẹ́nu mọ́? Ẹ sọ ọ́ níbí. Ẹ dárúkọ ẹ̀ tó bá wù yín; mo ti dárúkọ tèmi.