Jímọ̀ Mẹ́rin ní Marché Dakar

Alágídí ni mí nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì gba ìwé gbọ́ ju ojú ara mi lọ. Ìwé ní bí ọ̀dá owó bá dé, ńṣe ni àwọn oníṣòwò kéékèèké máa ń kógbá sílé. Ọ̀dá owó ọ̀hún sì ti dé sí Douala. Bàbá mi, tó ń ṣe káfíńtà ní Logbaba, ti sọ fún mi pé ọdún yẹn ni agbára òun mọ lórí ẹ̀kọ́ mi. Bí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, tí à ń pè ní mémoire, bá forí ṣánpọ́n, ilé-ìwé parí nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni n kì í ní kíláàsì. Jímọ̀ mẹ́rin ni mo fi lọ sí ọjà Marché Dakar lọ́sàn-án, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń ta abọ́ àti aṣọ. Ìsọ̀ tí n kò bá ẹnì kankan nídìí rẹ̀ pọ̀. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ pé wọ́n ti kó lọ. Ohun ojú wá lojú ń rí.

Nígbà tí mo kà á fún Alájì kan tó ń ta abọ́ níbẹ̀, ó bi mí pé:

"Mémoire rẹ yìí, ọjọ́ wo lo máa ń wá?"

"Jímọ̀, sà. Lọ́wọ́ ọ̀sán."

"Mọ́ṣáláṣí la máa ń wà nígbà yẹn, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì."

Ìtìjú bò mí. Mo lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ mi tó ń bójú tó mémoire náà. Kò bínú. Ó ní, "Ta ló wá ń ṣọ́ ọjà wọn?"

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ní etí ojú ìwé, mo ti fi ìkanra kọ ọ́ pé ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké, tó ń ta tòmátì ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kò jẹ́ kí n gbádùn. Àṣé ó ń bá wọn tajà ni.

Olùkọ́ mi ní, "Èyí gan-an ni iṣẹ́ rẹ."

Mo padà lọ lóríṣiríṣi ọjọ́. Bí ìyá náà bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, Alájì ló ń ta tòmátì rẹ̀, pẹ̀lú agbádá. Bí mo ṣe ń rí nǹkan ni mo ń tún èrò mi ṣe, èrò tuntun náà sì ń fi ohun tí mo ti fojú fò hàn mí: ẹni tó rí aládùúgbò fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún kì í tètè kógbá sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní mo yege, bàbá mi sunkún lójú gbogbo èèyàn. Alájì náà wá. Mo bi í léèrè ẹni tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún.

Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́ sínú ìwé, o tún ń bi mí."