Kọ̀ndọ́kítọ̀ Tí Kò Fẹ́ Dárúkọ Ìyá Rẹ̀

Òpùrọ́ kì í ru ẹrù tó wúwo rìn jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri ni mo ti ń rù ú. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní irọ́ ni, n kò ní bá yín jà. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ni.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Bọ́ọ̀sì èrò ni mo ń wà. Bárígà ni a ti ń gbéra, a ó gba Ṣómólú jáde sí ọ̀nà Ìkòròdú, a ó kọjá Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta, a ó gun afárá, a ó sì já sí Ìdúmọ̀tà. Èmi àti ọ̀nà yẹn mọ ara wa bí ọwọ́ ṣe mọ ẹnu.

Àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré láàárín ìlú bí ẹni pé àná ni ó dé ayé. Kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Èkó ti ní tíráàmù, ọkọ̀ kékeré tí ń rú èéfín, tí ń tọ irin láti Ìdó gba orí afárá wọ inú Erékùṣù. Ó ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kí n tó di awakọ̀. Wọ́n ti hú irin rẹ̀, wọ́n ti da ọ̀dà bo ojú rẹ̀. Àwọn àgbà nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ̀.

Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí wọ́n fún mi ń jẹ́ Dáníẹ́lì. Ọmọkùnrin gíga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò tíì ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé lọ. Ìwà rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Kì í bá èrò pariwo, kì í sì í ti arúgbó. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tí ń bá wa gun ọkọ̀ ní ìdájí fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, wọn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àárọ̀ kan ó ń rọra fò kọjá lórí agbọ̀n wọn kí ó má baà tẹ ẹja.

"Tẹ̀ ẹ́ kí o máa lọ, ọkọ mi," ni ọ̀kan wí. "Ó ti kú, kò sí ohun tó ń dùn ún."

"Òkú náà a máa mọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un, Ìyá."

"Ẹ gbọ́ pásítọ̀ ẹlẹ́ja. Lọ́la, á ṣe ìsìnkú fún ẹ̀gúsí tí mo lọ̀."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú.

Ohun méjì ni mo ṣàkíyèsí nípa rẹ̀. Èkíní, bí obìnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etí òkun dé, láti apá ọ̀hún níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ti ń wá, Dáníẹ́lì a fa fìlà bojú, a sì lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Èkejì, bí a bá ti gun afárá, yóò ṣí fìlà, yóò dúró ṣinṣin, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ ni, Ẹ̀gbọ́n? Irin ṣì ń dún lábẹ́ ọ̀dà."

Mo rò pé àwàdà ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Ó fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ṣómólú, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀yọ́ kan tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí a lọ tọrọ rẹ̀, èmi ni mo dúró bí ẹbí ọkọ, nítorí Dáníẹ́lì ní òun kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó. Bí a bá bi í ní ìlú rẹ̀, "apá omi" ni yóò wí, yóò sì kó ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Díákónì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Mo gbà yín lónìí nítorí pé ọmọ mi ń sunkún. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá dé, àwọn tó bí i gan-an ni mo fẹ́ rí nílé mi."

Dáníẹ́lì dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ náà dé ní ìdààmú. Ìrọbí mú Àbẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ kò wá. Ilé àwọn ìyá aláàdúrà kan tí ń gbẹ̀bí ní Ladi-Lak, ní Bárígà, ni wọ́n gbé e lọ. Èmi àti Dáníẹ́lì wà níta, a jókòó lórí pákó. Olórí wọn jáde wá, òógùn bo ojú rẹ̀.

"Apá kan ṣoṣo ni a fi ń pe ọmọ yìí," ni ó wí. "A ti dárúkọ ìyá ìyá rẹ̀ títí, ó ń dúró de ẹnìkejì. Ìwọ bàbá rẹ̀, ta ni ìyá tìrẹ? Ilẹ̀ wo ni ó ti wá?"

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wọn. Wọn kì í gbàdúrà tó lágbára fún ènìyàn láìdárúkọ ìyá tó bí i.

Dáníẹ́lì yí ojú sí mi. N kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, àfi lára ẹni tó dúró sí etí kànga tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bí mo bá sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "n kò ní pẹ́ níhìn-ín mọ́."

Kí n tó bi í ní ìtumọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ké láti inú ilé. Igbe náà kò lágbára mọ́. Dáníẹ́lì di ojú. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ abúlé rẹ̀ ní etí òkun, kedere, bí ẹni tí ń fi nǹkan lélẹ̀.

Wọn kò tíì parí àdúrà náà tí a fi gbọ́ ẹkún ọmọ. Obìnrin ni.

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà ayọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ó jẹ́ ayọ̀ fún Díákónì púpọ̀jù. Ó ti gbọ́ orúkọ tó ń wá lẹ́nu àwọn aláàdúrà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti bẹ àwọn ẹlẹ́ja tí ń padà sí etí òkun kí wọ́n bá òun jíṣẹ́ fún ìyá ọkọ ọmọ òun pé: ẹ wá o, ẹ ti ní ọmọ-ọmọ ní Èkó, a fẹ́ kí ẹ kó o jáde.

Nígbà tí Dáníẹ́lì gbọ́, ó wá bá mi nínú ọkọ̀ tó ṣófo.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ dá iṣẹ́ náà dúró."

Mo lọ. Mo bá Díákónì níbi tó ti ń fá pákó, kò sì dáwọ́ dúró.

"Kí ni ó ń sá fún?" ni ó bi mí. "Ṣé ó jalè ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó pa ènìyàn?"

"Kò pa ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ó ti ní ìyàwó mìíràn lọ́hùn-ún?"

"Mo rò pé kò ní, Bàbá."

Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Nígbà náà, ẹ rò ó wò fún mi. Ìyá kan ń bẹ ní ibìkan tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Èmi náà ní ọmọ. Bí tèmi bá sọnù, tí ẹnìkan sì mọ ibi tó wà, ǹjẹ́ n óò dárí ji ẹni náà bí kò bá sọ fún mi?"

Mo padà sí ìdí ọkọ̀ mi. Títí di òní, mo ṣì ń wá èsì ìbéèrè yẹn.

Ìkómọ ku ọ̀la. Ìrọ̀lẹ́ ni, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, a ń ti Ìdúmọ̀tà bọ̀ pẹ̀lú èrò tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀. Bí a ti ń súnmọ́ ìdíkọ̀ Bárígà, mo rí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kan tí wọ́n dúró. Àbẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn, ó pọn ọmọ, agbòjò wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni arúgbó obìnrin kan wà, ó wọ aṣọ dúdú, ó di ọ̀pá mú.

Mo gbọ́ èémí Dáníẹ́lì lẹ́yìn ọrùn mi. Ó tutù.

"Ẹ má dúró, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìyá rẹ nìyẹn?"

"Ẹ má dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi dàgbà lójú mi."

Mo fẹsẹ̀ tẹ iná. A kọjá ìdíkọ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Dẹ̀rẹ́bà, ṣé o ti sùn ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ilé àna rẹ̀ ni ó ń kó wa lọ."

Ṣùgbọ́n níbo ni ènìyàn lè sá gbà? Ọ̀nà yẹn kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn ìdíkọ̀, iyanrìn ni, lẹ́yìn iyanrìn, ọ̀sà ni. Nígbà tí mo rí omi níwájú, mo tẹ ìjánu, ọkọ̀ dúró. Nínú dígí, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, arúgbó náà síwájú gbogbo wọn, ọ̀pá rẹ̀ ń gún ilẹ̀.

Dáníẹ́lì tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó gbé àpò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́rùn dáadáa.

"Ẹ kú wàhálà mi, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Pẹ̀lú ìbínú ni arúgbó náà fi dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò wá bí ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bọ̀ láti òkèèrè pé, "Níbo ni ẹni náà wà? Ta ni ó ń fi orúkọ òkú mi jẹun ní Èkó?"

Nígbà náà ni ó bọ́ sínú iná ọkọ̀, tí wọ́n sì kọjú sí ara wọn.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọma mi," ni ó wí, ní ohùn ilé wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ṣe bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi wẹ̀ ọ́."

Dáníẹ́lì wo Àbẹ̀kẹ́. Ó wo orí kékeré tó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn tútù náà.

Àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀. Mo ń wò ó, n kò ṣẹ́jú. Fìlà ni mo rí nílẹ̀, àti àpò tíkẹ́ẹ̀tì. Iyanrìn abẹ́ wọn tẹ́jú bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí.

Nígbà náà ni a gbọ́ ìró kan láti ẹ̀gbẹ́ omi: ẹsẹ̀ irin lórí irin, wúwo, díẹ̀díẹ̀, tí aago ń lù láàárín rẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà Erékùṣù. Ẹnikẹ́ni kò tẹ́ irin sí Bárígà rí. Èrò kan ní àrá ni.

Orí iyanrìn yẹn ni arúgbó náà jókòó sí tó fi sọ ọ́ fún wa. Dáníẹ́lì nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Ó wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń bá tíráàmù ṣiṣẹ́. Lórí afárá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, tí ọkọ̀ náà sì gorí rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkú rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, ìyá wẹ̀ ẹ́, ó sin ín. Obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ yìí ti hewú tán, ṣùgbọ́n ojú Dáníẹ́lì tí a jọ rí nínú iná ọkọ̀, ojú ọmọdé ni.

Àwọn àgbà mọ irú wọn. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè wọ́n: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé, tó wá lọ ń lo ìyókù ní ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Bí ojú tó sin ín bá ti kàn án, ó di dandan kí ó lọ.

Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e síwájú arúgbó náà.

"Ìyá, ẹ kò ní gbà á ni?"

Arúgbó náà gbà á. Ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó yẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Tiwa ni," ni ó wí, ó sì fà á mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìkómọ, arúgbó náà dúró níbi tí ẹbí bàbá ń dúró sí. Rẹ̀mílẹ́kún ni ó sọ ọmọ náà. Díákónì dìde láti gbàdúrà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún jókòó. Ohun gbogbo tó béèrè fún ni ó ti rí gbà.

Àbẹ̀kẹ́ kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìdálẹ̀ dé, yóò lọ kí i, yóò sì bi í bóyá ó gun ọkọ̀ èrò lọ́hùn-ún, àti irú ẹni tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ọmọ Bárígà kan tó jẹ́ atukọ̀ sọ pé òun gun tíráàmù ní Lifapúù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin dúdú kan, gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, sì dìde fún òun pé kí òun jókòó, ó fi Yorùbá kí òun. Kí òun tó bi í ní ọmọ ta ni, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Bóyá òun ni. Bóyá òun kọ́ ni. N kò mọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo fi ń kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá dé ìlú òkèèrè, tí ẹ rí ẹni tí ẹ bá wọn sin, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín èrò, bó ti wù kí inú yín dùn tó, ẹ má pè é. Ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa lọ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà nílé tí kò tíì sùn, tó ń retí rẹ̀.