Ọmọ Tí A Kò Kà Lẹ́nu Odò

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ òòjọ́ mi jẹ́ kí n máa kọ òdo sínú ìwé. Láàárọ̀, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Aného, ìlú etíkun kan ní Tógò, a ó tẹ̀ lé etí ọ̀sà, a ó yà sínú àwọn ẹ̀ka odò tí omi òkun máa ń wọ̀ tó sì máa ń padà kúrò nínú wọn, títí a ó fi dé ẹnu odò níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀. Mo ní ìwé pélébé kan lọ́wọ́ tí a fa ìlà sí, tí gbogbo wa ń pè ní fíìṣì. Níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí ni mo ti ní láti kọ iye dófẹ́ẹ̀nì tí a rí. Òdo. Òdo. Òdo. Awakọ̀ wa, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, wo ìwé mi lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Odò la lọ, òdo la mú bọ̀."

Dófẹ́ẹ̀nì ni orúkọ tí àwa ará Lomé gbà lẹ́nu Faransé fún ẹran omi náà. Ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja: ó ń gòkè wá mí, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Irú tí à ń wá ní iké lẹ́yìn. N kò gbọ́ orúkọ Yorùbá kankan fún un rí nílé wa ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò ní. Ó kàn túmọ̀ sí pé àwa tí a wà nínú ilé yẹn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé, kò tilẹ̀ rí ìdí tí ó fi yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ó ti fara da oṣù mẹ́jọ tí mo fi jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Nígbà tí mo wá sọ irú iṣẹ́ tí mo rí fún un, ó gbé irin tó fi ń jó òjé sílẹ̀.

"O kàwé, o kàwé, o wá di ẹni tó ń ka ẹja."

"Kì í ṣe ẹja, Bàbá."

"Ó dáa, kì í ṣe ẹja. Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún gbé irin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí nígbà náà: bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè tí 'bẹ́ẹ̀ kọ́' tó fún, màá wá ẹ̀rí mẹ́ta kún un.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni obìnrin tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì. Màdáámù là ń pè é. Ìdí méjì ló fi mú mi. Àkọ́kọ́, ó ti ka ìwé àṣekágbá mi, ó sì sọ pé òun kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ 'ó ṣeé ṣe' tó bẹ́ẹ̀ rí. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni. Ìkejì, ọmọ Kara lókè àríwá ni òun, Faransé ló ń sọ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mọ ẹnu odò yẹn jù lọ, Yorùbá Nàgó láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ ni, bí àwọn òbí mi. Faransé rẹ̀ kò kọjá bọnjúù àti iye owó epo. Èmi ni kí n máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, kí n sì máa gbé e bọ̀.

Màdáámù ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sì gbàgbé. Àwọn tó ń san owó epo ọkọ̀ kò ní kí a wá wò ó bóyá dófẹ́ẹ̀nì ń kọjá níbẹ̀. Gbogbo apẹja ló mọ̀ pé wọ́n ń kọjá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ń bímọ sí ẹnu odò wa. Bí ọmọ bá wà, a jẹ́ pé ilé wọn ni, iṣẹ́ náà yóò sì máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí, ọkọ̀ àti owó epo yóò lọ sí etíkun mìíràn, èmi yóò sì padà sí Hanoukopé lọ máa wo bàbá mi níbi tó ti ń jó òjé.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò. Mo dé ibi tí wọ́n kọ 'iye ọmọ' sí.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Bàbá?"

"Wọ́n ń bẹ."

"Mélòó ló ń bẹ?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọkọ̀ tó ń jò. "Ọmọ ni mo bí, pùròfẹ́sọ̀. N kò bí mélòó."

Ojú tì mí. Ìyá mi náà kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Inú ilé tí wọ́n ti ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìwé òyìnbó ló gbé ìbéèrè náà sí mi lẹ́nu. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo ké gbàjarè pé mo rí iké kan lórí omi. Màdáámù sáré gbé ẹ̀rọ ayàwòrán. Awakọ̀ dín eré ọkọ̀ kù, ó jẹ́ kí a sún mọ́ ọn dáadáa, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí léèrè pé, "Ṣé igi yẹn ń mí?" Igi àgbọn tí omi ń gbé lọ ni. Láti ọjọ́ náà, bí igi kankan bá ti léfòó, yóò ní kí n kí i kí a tó kọjá.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ní òwúrọ̀ kan tí òkun ń ti omi wọlé tí afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀, a wà lẹ́nu odò. Mo dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lójú, Màdáámù wà láàárín, awakọ̀ jókòó ní ìdí ọkọ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Ìró kan ta sí mi létí, fùùù, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ eruku kúrò lórí ìwé. Kí n tó yíjú, òmíràn tún dún. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú yọ, ó ní iké, ó rọra tẹ̀, ó wọ omi; òmíràn tẹ̀ lé e. N kò mọ ìgbà tí mo ṣẹ́ góńgó pẹ́ńsù mi. Màdáámù ń kà wọ́n sókè ní Faransé, ohùn rẹ̀ ń gòkè sí i. Awakọ̀ yí orí sí òdìkejì, ó ń kùn pé kí n sọ fún obìnrin yìí kó rọra. Àgbà mẹ́rin ni mo rí. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni bátìrì ẹ̀rọ ayàwòrán kú. Màdáámù tẹ orí ba inú àpò rẹ̀ láti wá òmíràn. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo sì rí ohun kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, dúdú díẹ̀, kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Nígbà tí Màdáámù fi gbé orí sókè, omi ti dákẹ́.

"Ọmọ ńkọ́?" ni ó bi mí. "Ṣé ọmọ wà níbẹ̀?"

"Mo rò pé..."

"'Mo rò' kò sí nínú fíìṣì. Bi í léèrè. Ọmọ mélòó ló rí?"

Mo yíjú sí awakọ̀. Mo ti mọ ohun tí yóò sọ, ó sì sọ ọ́: "Wọ́n ń bẹ."

"Ó ní wọ́n ń bẹ, Màdáámù."

"Mo gbọ́. Mélòó?"

"Bàbá, Màdáámù ní mélòó."

"Sọ fún un pé bó ṣe ń ka ọmọ ọlọ́mọ yẹn, ìyá wọn gbọ́ ọ. Òun ló gbé wọn sá."

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí pé kò dá a lójú. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́. Màdáámù jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi, gbogbo ohun tí ó fẹ́ sì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń wá bátìrì.

Òfin fíìṣì kò le. 'Ó dájú', 'ó jọ bẹ́ẹ̀', tàbí 'a kò mọ̀'. Kò sí 'ó dájú' àfi bí àwòrán bá wà, tàbí bí òǹwòye tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé bá fi ojú ara rẹ̀ rí i kedere. Àwòrán kò sí. Èmi sì ni òǹwòye.

Bí a ṣe ń padà, a jẹ àbólò, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo tí wọ́n fi ooru omi sè, àti ẹja díndín. Mo lọ jókòó nídìí ọkọ̀ lẹ́bàá awakọ̀. Mo ń rò ó pé iye ni mo ń béèrè látàárọ̀, iye yẹn náà ló sì ń dí i lẹ́nu. Kí ni èèyàn máa ń sọ nílé wa tí wọ́n bá ti bímọ? Kì í béèrè nǹkan kan. Ó máa ń kí wọn ni.

"Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," ni ó dá mi lóhùn, kíá, bí ẹni pé ìyàwó tirẹ̀ ló bí i. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ sì là. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni o. Ṣé o rí i bí ìlà kíká ṣì ṣe wà lára ẹ̀, tó funfun díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú? Inú ìyá há mọ́ ọn. Ìyá ẹ̀ ń fi imú tì í sókè kó lè mí."

Mo gbé àbólò mi sílẹ̀. Ìwé tí mo kà ní yunifásítì sọ pé ọmọ dófẹ́ẹ̀nì tuntun máa ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára, nítorí pé ṣe ni ó ká pọ̀ nínú oyún, ìlà náà kì í sì í tètè tán. Awakọ̀ kò rí ìwé náà rí, n kò sì dárúkọ ìlà kankan fún un. Ṣùgbọ́n bóyá ti ọdún mìíràn ló ń rántí. Mo bi í pé ẹ̀gbẹ́ wo ni ọmọ náà wà.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì, tó kọjú sí mi. Ìwọ wà lókè níwájú, ìyá ló dí ọ lójú."

Mo tún ibi tí kálukú wà yẹ̀ wò lọ́kàn mi, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Mo ti máa ń rò pé fáàrí àgbà lásán ni òwe yẹn. Ọjọ́ yẹn, òun ló jókòó, èmi ni mo dúró.

Ní etí omi, mo sọ ohun tí awakọ̀ rí fún Màdáámù, ó ní kí n kọ 'ó dájú'.

"Òun rí i, ìwọ náà rí i. Kí ló kù?"

"Mo rí nǹkan kékeré, Màdáámù. Òun ló rí ọmọ."

"O mọ̀ pé 'ó jọ bẹ́ẹ̀' lè má gbé wa dé ọdún tó ń bọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màdáámù."

Mo kọ 'ó jọ bẹ́ẹ̀'. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé, mo kọ gbogbo ohun tí awakọ̀ sọ, láti orí ìlà ara títí dé orí aṣọ inú àpótí. Mo kọ ọ́ pé èmi tí mo jẹ́ òǹwòye kò rí i dáadáa, àti pé òun ló rí i. Mo tún jẹ́wọ́ fún Màdáámù pé mo ṣi ọ̀rọ̀ awakọ̀ túmọ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì ṣíwájú mi lọ. Ṣùgbọ́n ó fi ìwé náà ránṣẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Èsì dé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní 'ó jọ bẹ́ẹ̀' kò tó fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ìlà ara ọmọ báyẹn kò yẹ ní fífi sílẹ̀. Wọn yóò san owó epo fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i, pẹ̀lú àdéhùn kan: awakọ̀ náà ni kí a fi ṣe òǹwòye. Owó tó wà, ti ènìyàn méjì ni: Màdáámù àti awakọ̀. Màdáámù kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọra ká ìwé náà.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ pè mí. "Pùròfẹ́sọ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó sáyè rẹ. Àyè ọ̀hún há o, ìdí mi tóbi ju tìrẹ lọ." Mo lọ sí Aného, mo fi ọ̀sán kan kọ́ ọ ní fíìṣì. Ó gba gbogbo rẹ̀ àfi kíka ọmọ. A wá fẹnu kò pé Màdáámù yóò máa ka àgbà, òun yóò máa sọ bí ọmọ ṣe rí fún mi lórí fóònù, kí n lè túmọ̀ rẹ̀.

Ìdí tábìlì ni mo wà báyìí, nínú ọ́fíìsì kan ní Lomé, mò ń yẹ ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ wá láti oko àti láti odò wò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Màdáámù fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: ìyá, àti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ìlà ara rẹ̀ hàn ketekete. Mo wò ó títí iná fóònù fi kú. N kò lè sọ pé ọmọ tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni. Kò lè jẹ́ òun, nítorí ìlà náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta. Bí mo bá ní kò dùn mí pé n kò sí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà, irọ́ ni. Bí mo bá sì ní mo kábàámọ̀ ohun tí mo kọ, irọ́ ni ìyẹn náà. Mo gbìyànjú láti mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì. Ojú mi kò tíì tó o.