Mo Lọ Mú Ràfíátù Bọ̀ láti Peckham

Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ni mo ti kúrò ní Ìwó. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wà nínú àpò mi: ọ̀kan fún àlọ mi, méjì fún àbọ̀, nítorí ọmọ mi Ràfíátù ni mo ń lọ mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ rẹ̀, Mùfútáù, ń lù ú, ó sì ti sá nílé. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé bàbá lọmọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, ibẹ̀ sì làwọn àna á ti wá bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbá yàrá, ó ti tẹ́ ẹní.

Alhaji Tìjání, ará ìlú wa, ló gbà mí sílé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣu, ata rodo àti pọ̀nmọ́ kún orí àtẹ ọjà àdúgbò náà, ṣùgbọ́n òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló ń tà wọ́n. Iṣu kan, póùn méje. Mo bèèrè èènì.

Ó ní, "Uncle, èènì ti tán!" Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ibùdókọ̀ ni Ràfíátù ti pàdé mi.

"Níbo lò ń sùn?"

"Dádì, ẹ má bínú, mi ò lè sọ. Refuge ni."

Refuge ni ilé tí wọ́n ń fi obìnrin tí ọkọ ń lù pamọ́ sí.

"Èmi bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin ò ní sọ. Àmọ́ Alhaji á bi yín, ẹ ò sì ní lè parọ́ fún un."

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ lọ́yà rẹ̀ ní New Cross. Mùfútáù ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, ó ní fisa rẹ̀ ti kú, kó máa lọ sílé. Lọ́yà ní ìgbéyàwó tí kóòtù so, kóòtù ló ń tú u. Ó ní nígbà tó jẹ́ fisa ìyàwó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ràfíátù ní, tó sì jẹ́ lílù ló fọ́ ilé náà, ó lè fúnra rẹ̀ bẹ ìjọba fún àyè láti máa gbé, láìsí ọwọ́ ọkọ níbẹ̀.

"Bí mo bá mú un lọ sílé ńkọ́?"

Ó ní ọ̀rọ̀ á túbọ̀ le. Dókítà àti ọlọ́pàá tó máa jẹ́rìí, ibí ni wọ́n wà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Síbẹ̀ kò yé mi. Báwo ni ilé bàbá ṣe di ewu?

Lọ́jọ́ Sunday, Alhaji ní kí Ràfíátù wá bá wa jẹun nílé òun. Ràfíátù ń bu ìrẹsì ní kíṣìnnì nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Mùfútáù ló wọlé, ó gbé páálí mọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dádì, ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ èṣù ni."

Alhaji ń rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, inú ilé là ń parí ẹ̀."

Ká ní Ìwó ni, mo ti ní kó dìde, mo ti fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀yìn. Ràfíátù, tó máa ń fi ọwọ́ lásán di àgbò iléyá mú, ti sá sẹ́yìn fíríìjì.

Mùfútáù kò tíì dìde nílẹ̀ tó fi pariwo: "Ràfíátù, lọ gbé báàgì ẹ! Àbí o ti gbàgbé ẹni tó ni fisa ẹ?"

Mo dúró dí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Mi ò kúrò títí mo fi gbọ́ tí Ràfíátù jáde, tó pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Mi ò bi í níbi tó ń lọ.

Alhaji ní, "Ṣé kì í ṣe àlàáfíà là ń wá ni?"

"Alhaji, èmi gan-an ò mọ ohun tí à ń wá mọ́."

Kí n tó wọ bàálù, Ràfíátù pè mí pé ìwé òun ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọn ò tíì dáhùn. Fìlà mi ló jókòó sórí àga rẹ̀ títí a fi dé Lagos.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé Ìwó. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

"Ràfíátù ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ilé ta ni? Níbo?"

Mo ní n kò mọ̀, àti pé ohun tí mo kọ́ lọ́nà jíjìn náà nìyẹn: ibi tí n kò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ti dàrú lóòótọ́.

A kò tíì ká ẹní náà.