Lẹ́tà tí Mo Kà fún Ìyá Mi

Gbànja ni ìyá mi ń bó jẹun. Bí àwọn oníṣòwò Sábó bá ti ra gbànja láti oko, wọ́n á gbé e wá fún àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ṣàgámù. Àwọn yẹn á rẹ ẹ́ sómi títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á, kí wọ́n tó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á kó o sí. Nínú gbogbo wọn, ìyá mi ló mọ èyí tó ti jẹrà nínú jù. Á kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí, á jù ú sẹ́yìn.

"Kòkòrò wà níbẹ̀."

Bí o bá là á, wàá bá a níbẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá mi ló ń bá apẹ̀rẹ̀ gbànja wọ rélùwéè lọ sí Òkè Ọya. Ó lè lo oṣù méjì kó tó dé. Èmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí tó yè, èmi nìkan náà ló sì ń lọ sílé ìwé nínú agboolé wa. "Ọmọ tèmi mọ̀wé," bí ìyá mi ti ń wí nìyẹn fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tí kò mọ̀ wá rí já lẹ́tà bàbá mi sílẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kíláàsì kejì ni mo wà. Èyí tí tíṣà ń kọ gàdàgbà sójú pátákó ni mo lè kà, àmọ́ ti inú lẹ́tà yìí so mọ́ ara wọn bí okùn tó lọ́. Orúkọ ìyá mi nìkan ni mo dá mọ̀. Àwọn obìnrin sì ti fi gbànja sílẹ̀, wọ́n ti yí mi ká.

"Kà á ká gbọ́, akọ̀wé," ni ìyàwó àbúrò bàbá mi wí. "Àbí ẹ̀kọ lò ń lọ jẹ nílé ìwé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló ń wò.

Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà rí. Mo gbé ohùn sókè: "Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Àlàáfíà ni mo wà, àárò yín nìkan ló ń sọ mí. Ọjà ń tà. Mo ń bọ̀ láìpẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹja tó tóbi jù ló sì fi sínú àwo tèmi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí wọ́n jọ ń rìn, fi dé, tòun ti àpò bàbá mi lọ́wọ́. Bàbá mi ti kú. Wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ìyàwó wa, ṣé lẹ́tà ò dé ọwọ́ yín ni? Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ẹ ti dé."

"Lẹ́tà dé," ni ìyá mi wí. "Ó ní àlàáfíà lòun wà."

Ọkùnrin náà káwọ́ lérí. "Akọ̀wé tó bá a kọ ọ́ ní Kánò ni! Ohun tí ọkọ yín wí kọ́ ló kọ."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mi ò jáde sí wọn.

Ìyá mi sọ lẹ́tà náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé irọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ṣépè fún akọ̀wé Kánò kan tí kò rí rí. Bó bá dákẹ́ títí nídìí gbànja, á ṣàdédé ní, "Ọlọ́run á bi í. Ọwọ́ tó fi kọ ọ́ á gbẹ." Àwọn obìnrin á ní àmín. Èmi náà á ní àmín, màá sì rọra máa wo ọwọ́ ara mi. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ló ṣe é, kì í ṣe ọwọ́.

Mi ò jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣẹ̀sín: "Ọmọ Rẹ́mọ wo ni kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́?" Mo fi wọ́n sílẹ̀. Nílé ìwé, bí tíṣà bá ní kí n kàwé sókè, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó nà mí títí ó sú u. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún náà, ìyá mi lọ kí olókùnrùn kan ní Ìlárá, mo ṣí àpótí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ara wọn kò le fún mi mọ́. "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú. Bí o bá ti rí ìwé yìí, má dúró de ọjà. Mú ọmọ dání wá, kí n rí i." Mo kà á tán, mo ká a padà bó ṣe wà.

Apẹ̀rẹ̀ gbànja ni mo ń dì ní Sábó báyìí. Bí a bá sinmi lọ́sàn-án, ẹ̀yìn òkìtì apẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ni mo ń jókòó sí, tèmi ti ìwé olójú ewé ogójì kan. Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Bàbá mi kú, inú wa bàjẹ́." Mo wò ó, ojú rẹ̀ ń dán, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo fà á ya. Mo tún kọ ọ́ pé akọ̀wé kan wà ní Kánò. Mo tún fà á ya. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló gbà mí kí n tó kọ ọ́ pé, "Mi ò lè kà á, mo sì purọ́." Lọ́jọ́ yẹn, mo sùn bí ẹni tó ti oko ọ̀nà jíjìn dé.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń gba èpè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìyá mi nìkan ń bó gbànja, mo mú ìwé mi àti lẹ́tà àtijọ́ náà jáde.

"Màámi, mo fẹ́ ka nǹkan fún yín."

"Lẹ́tà ta ni?"

"Tèmi ni. Ti bàbá náà wà níbẹ̀."

Ahọ́n mi lẹ̀. Mo dúró dè é. Mo kà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti purọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí gbànja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka ti bàbá mi tẹ̀ lé e. Kò wò mí.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ," ló wí. Ó gbé gbànja náà sílẹ̀: "Ibi tó ti ní kí n mú ọ dání yẹn, tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà.

Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì bi í. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èpè akọ̀wé Kánò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá dákẹ́ títí nídìí gbànja, á kàn ní, "Ka lẹ́tà bàbá ẹ." Màá sì kà á, bó ṣe wà gan-an.