Ọkọ Tí Bàlíkísù Fẹ́ Gbà Síṣẹ́

Ní ọgbà tírélà Alhájà Mọ́nsúrátù ní Ìlaròó, ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, ọwọ́ Bàlíkísù ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọmọ Ayétòrò ni, Ìyá Toheebat la máa ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tí á sì sọ òótọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Òun ló ń wá dẹ́rẹ́bà kiri, òun ló ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Tó bá ṣe tán, á kó wọn lé èmi Bàbá Purity lọ́wọ́, kí n bá wọn jáde sí títì, kí n wò ó bóyá wọ́n mọ ọkọ̀ wà lóòótọ́. Mo ti wa tírélà títí orúnkún mi fi ní òun ò ṣe mọ́. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù níwájú mi, tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di sítíárì mú, kó yáa sọ̀ kalẹ̀ kí n tó bú u tìyá tìyá.

Kí Bàlíkísù tó dé, ìgbà yẹn ò dáa. Alhájà á ránṣẹ́ sí gáréèjì Owódé àti ti Ìdí-Ìrókò, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní láísẹ́ǹsì, tó sì lóun kì í mutí, ó ti ríṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹrù gàrí dé Ṣàgámù, ló bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pe Alhájà pé, “Ẹ wá gbé ọkọ̀ yín o, mo ti ń lọ sílé.” Inú bọ́ọ̀sì ló ti pè é! Alhájà ṣépè títí ẹnu fi gbẹ ẹ. Ọkọ̀ wà, ẹrù wà, kò sí ẹni tó máa wà á.

Bàlíkísù ò ṣépè. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ní Ìdógò, ní Ayétòrò, títí dé Ìdí-Ìrókò. Kò wá àwọn ọkùnrin náà rárá, ìyàwó wọn ló lọ bá jókòó. Nígbà tó dé, ó sọ fún Alhájà pé kì í ṣe owó ló ń lé wọn lọ. Ọ̀nà Kánò jìn. Ẹni tó bá lọ lè má fojú kan ilé títí oṣù á fi lé. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn baba, baba á wá wọlé, ọmọ á fi igbe ta.

Ó ní kí Alhájà pín ọ̀nà náà. Kí àwọn kan wa ọkọ̀ láti Ìlaròó dé Ìbàdàn, kí wọ́n fà á lé àwọn tó ń gbé lọ́hùn-ún lọ́wọ́, kí wọ́n sì wa èyí tó ti òkè Ọya bọ̀ padà wá sílé. Ó tún ní òun ò ní gba ẹni tó níyàwó síṣẹ́ mọ́, àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá bá a wá, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀nà tó bá ọkọ òun mu.

Àwa ọkùnrin fi í ṣẹ̀sín. Mo ní, “Ìyá Toheebat, ṣé ìyàwó ló fẹ́ wakọ̀ ni?”

Ó ní, “Bàbá, tí ọkùnrin bá ti kúrò ní gáréèjì, ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ìyàwó rẹ̀ lọ?”



Àwọn ìyàwó wá lóòótọ́. Ìyàwó Husain, tó ti Kùtọnú wá sílé ọkọ ní Ìdí-Ìrókò, ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá pé, “Wúyì, wúyì, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà Ìbàdàn ni kí ẹ fún un. Ọkùnrin yìí ò lè jẹun tí mi ò bá jókòó tì í.” Husain ń wolẹ̀, ojú ń tì í, inú ẹ̀ sì ń dùn. Láti ìgbà náà, àwọn dẹ́rẹ́bà wa ò sá mọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí gbogbo ọgbà mọ̀, tí ẹnì kankan kì í sọ. Nítorí ọkùnrin kan ni Bàlíkísù ṣe ronú kan gbogbo ètò yìí. Àúdù, ọkọ rẹ̀, ń wa tírélà fún àwọn kan l'Ékòó, Sókótó àti Màídúgùri ló ń ná. Bí àlejò ló ṣe máa ń wálé, tòun ti àpò àlùbọ́sà. Á jẹun, á sùn, á tún gbéra. Bàlíkísù fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi bò. Tí tírélà kan bá fọn fèrè lójú títì, Bàlíkísù á dáwọ́ oúnjẹ dúró. “Bàbá,” ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, “kì í ṣe nǹkan ńlá ni mò ń tọrọ. Kí n ṣáà máa gbọ́ kó máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Nígbà tí àyè kan ṣí sílẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn, ó bẹ Àúdù títí ó fi gbà láti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú Bàlíkísù dùn débi pé ó kí mi, ó tún padà wá kí mi.

Mo bá Àúdù wọkọ̀. Kí n má purọ́, ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Gíà ò han, kòtò tí mi ò tíì rí, ó ti yẹ̀ ẹ́. A dé Pápálántò, níbi tí a ti máa ń yí padà. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí Abẹ́òkúta, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún lọ síwájú díẹ̀.” A lọ dé Ìtòrí, ó ń kọrin lábẹ́nu. Nígbà tí mo ní ká padà, kò kọrin mọ́ títí a fi délé.

Mo sọ fún Alhájà pé ó mọ ọkọ̀ wà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Alhájà yíjú sí Bàlíkísù, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá Toheebat, ìwọ lo ṣòfin. Irú ọ̀nà wo ló bá ọkọ rẹ mu?”

Kó ṣáà ti pe Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Bàlíkísù rẹ́rìn-ín, ó wo Àúdù. Àúdù ò wò ó, géètì ló ń wò.

“Alhájà,” ni Bàlíkísù wí, “tó bá wà nílé, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Á fọ ọkọ̀ aládùúgbò, á tú jẹnẹrétọ̀ tí ò bà jẹ́. Inú tèmi á máa dùn. Tiẹ̀ ò ní dùn, kò sì ní sọ ọ́, torí ó fẹ́ràn mi. Ẹ fún un ní ọ̀nà Kánò. Kó máa gbé Ìbàdàn, kó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn Husain.”

Àúdù ní, “Ìyá Toheebat, mi ò ní kó o sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. O ò ní sọ ọ́ láéláé.”

Alhájà bi í bóyá ó ti rò ó dáadáa. Bàlíkísù ní, “Tó bá jẹ́ ọkọ ẹlòmíì ni, ohun tí mo máa sọ náà nìyẹn.”

Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Obìnrin tó dá ọkọ ọlọ́kọ padà sílé! Wọ́n ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Bàlíkísù náà lọ́kọ.

Àúdù ti ń wa ọkọ̀ wa lọ sí Kánò báyìí. Bàlíkísù ló sì ń pe gbogbo dẹ́rẹ́bà tó wà lọ́nà, kí Alhájà lè mọ ibi tí ẹrù dé. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n páàkì kí wọ́n tó gbé fóònù. Tó bá kan Àúdù, á gbé àga rẹ̀ jáde lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì. Á bi í bóyá wọ́n bo ẹrù dáadáa, bóyá táyà ò gbóná, bóyá òjò ń rọ̀.

Lánàá, mo wà nítòsí. Àúdù páàkì sí Jẹ́bà, ìbéèrè sì tán lẹ́nu Bàlíkísù. Ó ní, “Má tíì pa fóònù o. Tan ẹ́ńjìnnì, kí n gbọ́ bóyá ó ń dún dáadáa.” A kì í fi fóònù yẹ ẹ́ńjìnnì wò, èmi lẹ bá bi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, obìnrin náà ṣì gbé e sétí.